Fàájì òru Ògbómọ̀ṣọ́ ní 2025

Ọdún ti ń palẹ̀ mọ́, oníkálukú ń ka èrè àti gbèsè. Èmi ò ní ka owó, torí kò sí púpọ̀ nílẹ̀ láti kà. Àìsùn ni mo fẹ́ kà.

Iṣẹ́ ló ń gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ pé ìlú náà ò ní fàájì, pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, orí ẹní ló kàn. Ẹni tó bá dúró ní Takie, àárín ìlú, láago mẹ́wàá alẹ́ lè gbà wọ́n gbọ́. Àmọ́ fàájì ibẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Kàlẹ́ńdà LAUTECH, yunifásítì ìlú náà, àti kàlẹ́ńdà ìnáwó ló ń darí rẹ̀.

Bí iléèwé bá wọlé, Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kì í sùn. Bí iléèwé bá gba ìsinmi, onísúyà pàápàá á gbálé. Orin tí àwọn DJ ibẹ̀ ń lù kò yà mí lẹ́nu: àmàpíánò lónìí, àmàpíánò lọ́la. Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ l'Ékòó ti gbọ́ ọ. Ohun tó ń fà mí padà ni ẹ̀yìnkùlé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń to àga oníke sí, tí akéwì á kéwì, tí oníràápù á gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọmọkùnrin kan tó ń sun ìjálá lórí ìlù kọ̀ǹpútà. Kò kúkú yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ló ti hù; ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu, gbajúmọ̀ oníjàálá, nìyẹn. Ohùn ọmọ náà dára, ó mọ ibi tó yẹ kó ti fa ohùn gùn àti ibi tó yẹ kó gé e. Nígbà tó parí, ó wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dùn?"

"Ó dùn, àbúrò. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan tí o wí."

Ìlù yẹn pọ̀ jù. Ta ló ń gbọ́ ìjálá láìgbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Oríkì ẹfọ̀n ti wọ abẹ́ ariwo lọ pátápátá.

Ní ti ìnáwó, àìsùn òkú ni kí ẹ wá. Láti 1855 ni àwọn Onítẹ̀bọmi ti wọ Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà àìsùn tí mo lọ jù, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á kọrin, wọ́n á wàásù, àlùfáà á súre, á sì wọ mọ́tò. Kò tíì dé títì tí gúdúgúdú ti ń dáhùn, tí omele bàtá gbà á, tí ìyáàlù bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ọmọ olóòkú níkọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí ijó tí mi ò rí ní ilé ijó kankan n'Ìbàdàn: àwọn ìyá àgbà tó ti ń ráhùn orúnkún láti ìrọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sójú agbo.

Owó níná lójú agbo wá di ọ̀rọ̀ ìjọba. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 tó kà á léèwọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ látìgbà tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, ti ń mú èèyàn gan-an ní 2024 ni ẹ̀rù ti ń bani. Onílù kan so páálí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ mọ́ ìyáàlù. Bí áláàtì bá ti dún lórí fóònù rẹ̀, oríkì rẹ á gùn sí i. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju kí wọ́n máa tẹ náírà mọ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń da agbo rú.

Mo yà sí Ọ̀yọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n gbé adé lé Aláàfin Akeem Ọwọ́adé lórí lóṣù kẹrin. Àwọn tó ń fín igbá ni mo lọ wò. Ọ̀kan nínú wọn ń fín orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára igbá fún ìgbéyàwó, kò sì kọ́kọ́ fi ohunkóhun sàmì sí i kó tó ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọ̀sán ni tiwọn, kò sí nínú ìṣirò òru.

Iléèwé á tún wọlé lọ́dún tuntun. Ọmọkùnrin oníjàálá ní òun ti dín ìlù yẹn kù. Mo ní kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp ná, kí n tó san owó ọkọ̀.