Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Oṣù Tó Lé àti Oṣù Tí A Ṣírò

Bí mo bá fẹ́ ka ohun tí ọdún 2025 mú wá fún àwa díẹ̀ tí a máa ń kóra jọ wo ìràwọ̀ lápá Òkè Sóbí ní Ìlọrin, àríyànjiyàn ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà kí n tó kan ìràwọ̀. Iṣẹ́ wa kò jọra: Alfa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéú, Àǹtí jẹ́ tíṣà tó wá láti Òmù-Àrán, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan wà láàrin wa, èmi sì ń tún rédíò ṣe. Tẹlisíkóòpù tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ló so wá pọ̀. Bí mo sì ṣe tú ìjà ọdún yìí palẹ̀ wò, mo rí i pé ìbéèrè méjì ni a máa ń dà pọ̀: kí ló wà lójú ọ̀run, àti kí ló yẹ kí àwa tí a wà nílẹ̀ ṣe nípa rẹ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹta, lálẹ́ tí à ń wá oṣù tuntun tí yóò fi òpin sí Ààwẹ̀, ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ le. Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú méjì ni òṣùpá bọ́ sí ìlà kan náà pẹ̀lú òòrùn, tó tilẹ̀ bo apá kan òòrùn mọ́ àwọn ará Yúróòpù lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí i níhìn-ín. Nígbà tí òòrùn fi wọ̀ ní Ìlọrin, oṣù tuntun náà kò tíì pé wákàtí 7 láti ìgbà tó bọ́ sí ìlà yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kò sí ojú ènìyàn tó lè rí i, nítorí pé André Danjon, onímọ̀ ojú ọ̀run ará Faransé, ti ṣàlàyé pé bí òṣùpá kò bá tíì jìnnà sí òòrùn tó nǹkan bí dígíríì 7, kì í hàn rárá. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Sultan Ṣókótó kéde pé wọ́n ti rí oṣù, a sì kírun Ìtúnu ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30.

Ọmọkùnrin náà ní irọ́ ni ẹni tó ní òun rí oṣù pa. Alfa bi í pé, “Ọmọ mi, ṣé ìwọ ni yóò wá máa yan ọjọ́ ìtúnu fún wa?” Ní tèmi, kò sí èyí tó dá èkejì lóhùn nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ ti ibi tí òṣùpá wà, ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà láìfọ̀rọ̀-bọpo-bọyọ̀. Irú ìṣirò kan náà ni wọ́n fi tẹ ìwé àkókò ìrun tó wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí wa, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ọjọ́ tí ìlú yóò túnu, ìlànà Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Ìsìláàmù, tí à ń tẹ̀ lé níhìn-ín gba ẹlẹ́rìí méjì tó jẹ́ olódodo, ìlú kan kò sì lè lọ sí Yídì ní ọjọ́ méjì nítorí ìwé ìṣirò ọmọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lọ sí Yídì, ó sì jẹ tùwó ilé mi dáadáa.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Kí òṣùpá tó yọ ní Ìlọrin lọ́jọ́ náà, òjìji ayé ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí náà ìkúukùu nìkan ni a ń wò títí aago méje fi kọjá, tí nǹkan kan wá yọ láàrin ìkúukùu, ó pupa rúsúrúsú, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ṣú ju èkejì lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọjá dúró tì wá, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé ló fà á. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ní oṣù kìíní ọdún 2001, nígbà tí òṣùpá ṣókùnkùn báyìí, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri lọ dáná sun àwọn hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ti fẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n Alfa ṣáájú rẹ̀. Ó ní nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì kú, tí òòrùn ṣókùnkùn, tí àwọn ènìyàn sì ń sọ pé nítorí ikú ọmọ náà ni, Ànábì fúnra rẹ̀ ló dá wọn lẹ́kun pé òòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n dìde kírun. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹní. Akẹ́kọ̀ọ́ sì ń yí tẹlisíkóòpù díẹ̀díẹ̀ tẹ̀lé òṣùpá, kí ó má baà bọ́ lójú rẹ̀ kí Alfa tó kírun tán.

Ohun tó dùn mí ni ti Àǹtí. Ní oṣù kọkànlá, akẹ́kọ̀ọ́ fi Andromeda, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ tó kóra jọ síbi kan lọ́nà jíjìn, hàn án, ìmọ́lẹ̀ fúyẹ́ kan lókè orí wa, ó ní ìmọ́lẹ̀ náà ti wà lójú ọ̀nà fún nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù méjì àbọ̀. Àǹtí fi tọkàntọkàn béèrè bí òun yóò ṣe ka ìyẹn pọ̀ mọ́ ìtàn ìdá ayé inú Jẹ́nẹ́sísì. Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni ohun tó sọ. Ẹ̀rín rẹ̀ ni kò ní ẹ̀rí kankan nínú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Àǹtí tó tún bá wa jókòó.

Nígbà tó padà dé, Saturn, pílánẹ́ẹ̀tì tó ní òrùka, ni ó ní òun fẹ́ wò. Ó wò ó, ó ní, “Òrùka dà?” Akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ni òrùka náà kọ sí wa lọ́dún yìí, ìdí nìyẹn tó fi dà bí ìlà tín-ín-rín, pé bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí ní nǹkan bí ọdún 15 síra wọn. “Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti fojú ara rẹ rí i nígbà tó là?” “Rárá, Àǹtí. Àwọn tó ti wò ó ló kọ ọ́ sílẹ̀.” Alfa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀, ó ní, “Ẹlẹ́rìí olódodo nìyẹn!” Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba délẹ̀: òrùka Saturn yóò tún là, ẹnikẹ́ni yóò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n oṣù alẹ́ ọjọ́ kan ti wọ̀ lọ nìyẹn. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ náà pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì tún ń bọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2026, ní aago kan ọ̀sán, òṣùpá yóò tún bọ́ sí ìlà òòrùn, oṣù Ààwẹ̀ kò sì ní tíì pé wákàtí 6 nígbà tí òòrùn bá wọ̀ níhìn-ín. A ti ṣe àdéhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ibi tí òṣùpá wà àti ìgbà tí yóò wọ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Alfa yóò mú ọmọ kéú méjì tí ojú wọn ríran dáadáa wá. Ti ọjọ́ ààwẹ̀, ìkéde ni a ó dúró dè. Àǹtí ni yóò di ìwé àkọsílẹ̀ mú, nítorí pé òun nìkan ni kò ní ẹjọ́ nínú rẹ̀.