Otto: orúkọ ọba tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá gbogbo ènìyàn

Nínú gbogbo orúkọ táwọn ará Jámánì ń sọ ọmọkùnrin, Otto ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni. Kà á láti iwájú, kà á láti ẹ̀yìn, Otto náà ni. Magdeburg ni mò ń gbé, ìlú tó ń pe ara rẹ̀ ní Ottostadt, ìlú Otto, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè sá fún orúkọ yìí.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: ọrọ̀, dúkìá. Inú èdè Jámánì àtijọ́ ló ti wá. Àwọn orúkọ tó gùn jù ú lọ, bíi Otmar, Otfried àti Ottokar, ló ní «ot» yìí níwájú, Otto sì ni ìgékúrú wọn. Odo tó wà nínú ìtàn àwọn ará Faransé, Ottone ti Ítálì, àti Ottilie tí wọ́n ń sọ ọmọbìnrin, ẹbí kan náà ni wọ́n.

Saxony, agbègbè kan ní Jámánì, ni orúkọ náà ti gorí ìtẹ́. Ní 912, ọjọ́ díẹ̀ péré kí Otto tó jẹ́ Dúùkù Saxony tó kú, wọ́n bí ọmọ-ọmọ kan fún un, orúkọ bàbá àgbà ni ọmọ náà sì jẹ́. Ọmọ yẹn, Otto Kìíní, di ọba ní 936. Ní 955, ó ṣẹ́gun àwọn Magyar, ìyẹn àwọn ará Hungary, lẹ́bàá odò Lech, nítòsí Augsburg. Ní 962, Póòpù John Kejìlá dé e ládé olú-ọba ní Róòmù. Otto bí Otto, Otto Kejì náà tún bí Otto. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Otto Kẹta nígbà tí wọ́n fi jọba, kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún tó fi kú ní 1002, láìbímọ. Otto Kẹrin gba adé olú-ọba ní 1209. Láti ìgbà náà, kò sí olú-ọba tó tún jẹ́ orúkọ yẹn.

Inú kàtídírà Magdeburg ni wọ́n sin Otto Kìíní sí. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tí èrò kò bá pọ̀. Àpótí òkúta ni ibojì náà, pẹlẹbẹ mábù ló bò ó lórí, kò sí ère ọba kankan tó nà gbalaja lé e. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ló yẹ kó rí, lójú tèmi. Otto mìíràn tí ìlú wa ń fi yangàn kì í ṣe ọba rárá: Otto von Guericke ni, tí wọ́n bí níbí ní 1602, tó sì di olórí ìlú. Òun ló pa ìlàjì bọ́ọ̀lù bàbà méjì pọ̀, tó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, tí àwọn ẹṣin tí wọ́n so mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì kò sì lè fà wọ́n ya. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì wa ń jẹ́.

Bí ẹ bá ní kí n fi hàn yín pé orúkọ yìí gbilẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí Otto von Bismarck, olóṣèlú tó so Jámánì pọ̀ di ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀bùn Nobel ni màá ní kí ẹ lọ wò. Wallach gbà á ní 1910, Meyerhof ti 1922, Warburg 1931, Loewi 1936, Stern 1943, Hahn 1944, Diels 1950. Otto ni àwọn méjèèje, àárín 1847 sí 1888 ni wọ́n sì bí gbogbo wọn. Ẹ wo Königsberg, Hamburg, Frankfurt, Hannover: ibi tí ẹ bá yà sí, Otto kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ohun tó ń dùn mọ́ mi jù ṣẹlẹ̀. Lórí káàdì tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ nígbà náà, «Normalverbraucher», ìyẹn oníbàárà lásán, ni ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí àfikún kankan. Fíìmù kan tó jáde ní 1948 sọ akọni rẹ̀ ní Otto Normalverbraucher, láti ìgbà náà ni àwọn ará Jámánì sì ti ń fi orúkọ yẹn pe ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń ná owó díẹ̀ lọ́jà. Orúkọ olú-ọba di ti mẹ̀kúnnù! Àmọ́ àwọn òbí ti ń pa á tì. Nígbà tó yá, arúgbó nìkan lẹ máa bá tó ń jẹ́ Otto.

Ó ti ń padà bọ̀ báyìí. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn 2010, ó tún wọ inú ẹgbẹ̀rún orúkọ ọmọkùnrin tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Níbí, àwọn aládùúgbò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ wọn ní Otto. Ìyá àgbà ọmọ náà kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní orúkọ àwọn àgbà tó ti lọ ni. Wọ́n tún rò ó bóyá kí wọ́n kọ Ottokar sínú ìwé ìbí, kí wọ́n sì máa pè é ní Otto nílé. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹ kọ Otto. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí orúkọ yẹn ti ń dá dúró láìwá àfikún.