Ẹ gbé ẹyin sórí òṣùwọ̀n: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń sàba

Bí ẹyin ò bá pa, ìgbóná ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ó ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ òun ló rọrùn jù láti tọ́ sọ́nà. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ ló le, torí pé aago tí a fi ń wọ̀n ọ́n máa ń purọ́, ohun tó sì bàjẹ́ kì í hàn títí di ọjọ́ tó yẹ kí ọmọ jáde.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú ti ìgbóná. Ẹ̀rọ tó ní fáànù, 37.5°C ni. Èyí tí kò ní, afẹ́fẹ́ gbígbóná á dúró lókè, tútù á wà nísàlẹ̀. Torí náà, ẹ gbé orí tẹmómítà sí ibi tó bá orí ẹyin dọ́gba, kó máa ka 38.3 sí 38.8°C. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí àwọ̀n ìsàlẹ̀, ohun tó ń kà kọ́ ni ẹyin ń rí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 kí ẹ tó kó ẹyin sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o sí i, ìgbóná á wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, torí ẹyin tútù ló ń gbà á. Ẹ má fọwọ́ kan tẹmósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń darí ìgbóná ẹ̀rọ, nígbà yẹn! Ẹni tó bá yí i sókè, nígbà tí ẹyin bá gbóná tán, á ti kọjá ààlà, àpọ̀jù ìgbóná sì burú ju àìtó rẹ̀ lọ. Ọmọ adìyẹ tó jáde ṣáájú ọjọ́ 21 tí ìdodo rẹ̀ ò tíì dí dáadáa, àpọ̀jù ìgbóná ni. Èyí tó pẹ́ di ọjọ́ 22 tàbí 23, tí kò lágbára, àìtó ni. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí i. Ẹ fi aṣọ nípọn bò ó, àmọ́ ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́.

Ó kan ọ̀rinrin. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára èèpo ẹyin, omi sì gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ jáde. Ẹyin adìyẹ yẹ kó pàdánù 11 sí 13% ìwọ̀n rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 18. Bí omi ṣe ń jáde ni àyè afẹ́fẹ́ tó wà níbi tó fẹ̀ lára ẹyin ń gbòòrò, ibẹ̀ sì ni ọmọ ti máa kọ́kọ́ mí kó tó lu èèpo. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ jù, àyè yẹn á kéré, ọmọ á wú, á sì rì sínú omi ara rẹ̀. Bí ó bá kéré jù, awọ inú èèpo á gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò ní lè yí ara rẹ̀ padà.

45 sí 55% ni wọ́n máa ń sọ fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán aago yín wò: ẹ da iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kó rin láìyọ́ tán, kí ẹ sì dé òun àti aago pọ̀ sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, fún wákàtí 8 ó kéré tán. 75% ló yẹ kó kà. Bó bá ka 68, ẹ máa fi 7 kún un.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n onígíráàmù ni mo gbà gbọ́ jù. Ẹ sàmì sí ẹyin 10, kí ẹ sì wọ̀n wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ kó wọn sí i. Ká ní ó jẹ́ 600g. 12% rẹ̀ jẹ́ 72g. Pín in sí ọjọ́ 18, 4g lójúmọ́. Lọ́jọ́ 7, ó yẹ kó ku nǹkan bí 572g. Bó bá ṣì wà ní 585g, omi ò jáde tó: ẹ dín omi tí ẹ gbé sínú ẹ̀rọ kù. Bó bá ti di 555g, ẹ fi kún un. Ẹ kọ ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú, torí bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì rí òfìfo, ìyẹn ẹyin tí kò ní ọmọ nínú, láàárín wọn, ẹ máa yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò.

Fífẹ̀ ojú omi ló ń mú ọ̀rinrin wá, kì í ṣe jíjìn rẹ̀. Abọ́ pẹlẹbẹ dára ju ife lọ, fóòmù tó rin nínú abọ́ sì tún fi kún un. Ẹ má tìtorí pé ẹ fẹ́ kí ọ̀rinrin gòkè dí ihò afẹ́fẹ́. Ẹ ó kàn fún ọmọ lọ́rùn ni.

Ọjọ́ 18, ẹ dẹ́kun yíyí ẹyin. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ló dára, kó má baà jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni yóò máa sùn lé lóru. Ẹ gbé ọ̀rinrin dé 65 sí 75%. Ti pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló tó ń lo ọjọ́ 28, ọjọ́ 25 ni.

Láti ìgbà tí ẹyin kan bá ti lu, ẹ má ṣí ìdérí mọ́. Ọ̀rinrin á sá jáde, awọ àwọn yòókù tó ti lu á sì gan. Láti ìgbà tí ọmọ bá lu èèpo títí tó fi máa jáde lè gba wákàtí 24, ẹ má bá a bó o. Èyí tó ti jáde ò nílò oúnjẹ lójú ẹsẹ̀, ìyókù pupa ẹyin ṣì wà níkùn rẹ̀. Ó lè wà nínú ẹ̀rọ fún wákàtí 24 láìsí wàhálà, títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi jáde.