Mọ́tò mi ń mu epo bí omi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Kubwa

Kubwa ni mò ń gbé, àárín ìlú Àbújá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Corolla 2005 ni mò ń wà. Kó tó di pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, n kì í ka epo tí mò ń rà. Nígbà tó di oṣù Keje, tí lítà kan di 617 náírà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò yẹ nǹkan kan wò. Ó ní plọ́ọ̀gì ni, mo ra mẹ́rin. Kò yí padà. Ó ní oxygen sensor, ẹ̀rọ kékeré tó ń wo èéfín ẹ́ńjìnnì, ni, mo ra tòkúnbọ̀. Ibi tí a wà náà la wà. Owó ń lọ, epo ń lọ, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kìlómítà mélòó ni lítà kan ń gbé mi dé. Èmi alára ò mọ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra epo kún tàǹkì títí ẹnu pọ́ǹpù á fi já fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún rọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ dá míítà kékeré tó ń ka ìrìn padà sí òdo. Ẹ wà á bí ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ìdí pọ́ǹpù kan náà, nítorí ìwọ̀n wọn kì í dọ́gba, kí ẹ tún un kún. Lítà tó bá wọlé ni kí ẹ fi pín kìlómítà tí ẹ rìn. Tèmi jẹ́ kìlómítà 287, lítà 38, owó tó lé ní 23,000 náírà. Lítà kan ò gbé mi dé kìlómítà mẹ́jọ. Ó dùn mí.

Ọyẹ́ ló tú àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù ń mú ọmọ mi lẹ́yìn ọkọ̀, mo tan híítà, atẹ́gùn tó ń bọ̀ kò gbóná. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìlọrin tó ń tún mọ́tò ṣe, bá wa lọ lọ́jọ́ náà. Ó tẹjú mọ́ gééjì ooru.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìsàlẹ̀ báyìí lọwọ́ yìí máa ń wà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í gbóná rárá. Tí a bá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Berger, ní Àbújá níbí, ló tó máa ń gòkè díẹ̀.”

“Ẹ má bínú o, ṣé wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀ rí?”

Mo rántí. Ní 2021, mọ́tò náà gbóná lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá mi wò ó ní tìtorí yìnyín ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe fi nǹkan yẹn síbẹ̀, ó yọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ni thermostat. Ó máa ń tì títí omi ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó bíi 82°C, kó tó ṣí fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á ti máa ṣàn lọ sínú rédíétọ̀ látàárọ̀, afẹ́fẹ́ ojú títì á sì máa tù ú. Sensor tó ń wo ooru omi á máa sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ò tíì yá, kọ̀ǹpútà náà á máa fún un ní àfikún epo bíi pé ìdájí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i. Láti Kubwa dé ibi iṣẹ́! Nígbà tó tú plọ́ọ̀gì tuntun tí mo rà, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, èédú wọn ń lẹ̀ mọ́ ìka. Iná ẹ́ńjìnnì tí mo ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ náà, tó fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, P0128 ni: ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ohun tó mú mi fọkàn tán ọmọkùnrin yìí ni pé kò kàn sáré ti thermostat tuntun bọ̀ ọ́. Ó ní kí ló dé tí mọ́tò náà fi gbóná lọ́jọ́sí? Ó wá rí i pé ọ̀kan nínú fáànù ti kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó da omi ẹ̀rọ ojú ilé tó wà nínú rédíétọ̀ nù, ó bu coolant, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, sí i. Ó sọ thermostat náà sínú omi tí mo gbé kaná, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ wò ó bó ṣe ń ya ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ó ní kò sí thermostat tí òun kì í sè kóun tó dì í.

Mo tún wọ̀n ọ́n: kìlómítà 282, lítà 30. Ó ti sunwọ̀n, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ iwájú lápá ọ̀tún máa ń gbóná ju ti òsì lọ tí mo bá páàkì. A fi jáàkì gbé e, kò fẹ́ yí. Bíréèkì ló ń fà á lábẹ́lẹ̀, ìpata ti mú pín-ìnnì kálípà, irin tí kálípà tó ń fún bíréèkì mọ́ra máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi gírísì sí i. Ti táyà, mai faci, ìyẹn fọkanáísà, ló bá mi fún un ní ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Tàǹkì tó tẹ̀ lé e, kìlómítà 297, lítà 27.

Ọwọ́ gééjì náà ti ń dé àárín kí n tó jìnnà sí Kubwa báyìí, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí.