Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì mi, apá kẹsàn-án: tíréè ló ń gbé ọ́ìlì pamọ́

Mo ti rí ibi tí ọ́ìlì ń lọ: tíréè tí mo ṣe sábẹ́ kíráńkì (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì) ni kò jẹ́ kó padà sínú sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Láti alẹ́ àná ni inú mi ti ń dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni àṣìṣe náà ti wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀ mọ̀ pé oṣù méjì gbáko ni mo fi di ẹ̀bi ru kọ́nà. Bí mo bá ti sáré tán lójú ọ̀nà gbọọrọ, tí mo tẹ bíréèkì láti wọ kọ́nà ọ̀tún tó gùn yẹn, géèjì ọ́ìlì á já láti 68 psi (ìwọ̀n agbára tí ọ́ìlì fi ń ti) sí 22. Mo gbà pé ọ́ìlì ló ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹnu ọ̀pá ìfàmu sì ń fa afẹ́fẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu: bí kọ́nà bá ń ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú agbára 1 g (tó dọ́gba pẹ̀lú òòfà ilẹ̀), ojú ọ́ìlì inú sọ́ǹpù á fì dé dígírì 45. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ìdènà onílẹ̀kùn mẹ́rin sínú sọ́ǹpù, kí ọ́ìlì má baà dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ti parí. Mo de sọ́ǹpù mọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì àtijọ́ kan kí n tó fi iná jó ìdènà náà mọ́ ọn, kí iná má baà lọ́ etí rẹ̀. Ọ̀pá ìfàmu fi mìlímítà 8 jìnnà sí ìsàlẹ̀. Amọ̀ ìṣeré ọmọdé ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún rọ́bà tó máa ń bá àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí wá o. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi wú nínú ọ́ìlì gbígbóná, ilẹ̀kùn méjì sì há. Viton, rọ́bà tó lè fara da ọ́ìlì gbígbóná, ni mo fi rọ́pò gbogbo wọn.

Síbẹ̀, géèjì ń já.

Dáínò, ẹ̀rọ tí a fi ń dán ẹ́ńjìnì wò láìjẹ́ pé ọkọ̀ kúrò lójú kan, ló tú àṣírí. Ọkọ̀ dúró lójú kan, kò sí kọ́nà, kò sí bíréèkì. Mo ti so rọ́bà tí inú rẹ̀ hàn kedere mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́ǹpù, kí n lè máa wo ibi tí ọ́ìlì ga dé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ dá orí rọ́bà náà padà sínú ẹ́ńjìnì lókè. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀ sí gbangba, afẹ́fẹ́ tó ń ti láti inú ẹ́ńjìnì á gbé ọ́ìlì ga nínú rẹ̀, irọ́ ló sì máa pa fún yín. Ní 3,000 rpm (iye ìgbà tí kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ọ́ìlì wà níbi tó yẹ kó wà. Ní 5,000 ó sọ̀ díẹ̀, torí apá kan rẹ̀ ti gòkè lọ bá fáàfù; kò sí wàhálà nínú ìyẹn. A gbé e dé 7,200, a mú un dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, mo sì ń wo ọ́ìlì tó ń rọlẹ̀ nínú rọ́bà bí omi inú ike tí ìdí rẹ̀ lu. Géèjì bọ́ sí 41. Nígbà tí a tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọ́ìlì padà dé, ó funfun, ó kún fún ìfófòó.

Ọ́ìlì ti ń tán nínú sọ́ǹpù kí n tó dé kọ́nà rárá. Bíréèkì kàn ń gbá ìyókù lọ síwájú ni.

Ní 7,200 rpm, ìgbà 120 ni kíráńkì ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí counterweight tèmi (irin wúwo ara kíráńkì tó ń mú un dọ́gba) fi mìlímítà 75 jìnnà sí àárín, ìyẹn ni pé eré rẹ̀ ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Afẹ́fẹ́ á máa bá a sá, ọ́ìlì á máa bá afẹ́fẹ́ sá, títí ọ́ìlì á fi wé mọ́ kíráńkì bí okùn. Ó ń jẹ agbára ẹ́ńjìnì, ó sì ń po afẹ́fẹ́ mọ́ ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, kò lè gbé bíárìn (ibi tí kíráńkì ti ń yí lórí ọ́ìlì) dúró. Iṣẹ́ windage tray, ìyẹn tíréè yìí, ni pé kó gba ọ́ìlì tí kíráńkì ń fọ́n dànù, kó jẹ́ kó kọjá sísàlẹ̀, kó má sì jẹ́ kó padà sókè.

Mo tú sọ́ǹpù, mo gbé tíréè sórí tábìlì, mo wò ó títí. Àwọn ihò tí mo gé, tí mo gbé etí wọn sókè bí ìpẹ́ ẹja, ó yẹ kí ẹnu wọn kọjú sí ibi tí ọ́ìlì ti ń bọ̀. Gbogbo méjìdínlógún ló kẹ̀yìn sí i. Ọ́ìlì kàn ń ṣàn kọjá lórí wọn bí òjò lórí páànù ni. Abẹ́ tíréè ni mo fa ọfà sí nígbà tí ẹ́ńjìnì dojú bolẹ̀ lórí sítáǹdì, mo wá yí i padà kí n tó gé e. Ọ̀tún di òsì, n kò fura. Ó dùn mí, torí alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gé e.

Mo gbìyànjú láti tẹ ẹyọ kan padà, irin náà sán ní ìdí. N kò lè fi irin tó sán sábẹ́ kíráńkì, torí náà mo máa ṣe tuntun. Accumulator (agolo tó ń tọ́jú ọ́ìlì pamọ́, tó sì ń tì í sínú ẹ́ńjìnì nígbà tí géèjì bá já) tí mo ní mo máa rà ní apá kẹjọ, mo ti fagi lé e: ó lè gba ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí géèjì bá já, kò lè bọ́ ẹ́ńjìnì tí sọ́ǹpù rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó ní kí n fi lítà ọ́ìlì kan kún un, mo dán an wò. Ó gbé ojú ọ́ìlì sún mọ́ kíráńkì, ìfófòó sì pọ̀ sí i.

Mo dá ìwé yìí dúró díẹ̀ láti lọ wọn scraper, irin tó ń gbá ọ́ìlì kúrò lára kíráńkì. Mìlímítà 1.2 ni mo fẹ́ láàárín òun àti kíráńkì. Níbi counterweight kẹta, 0.6 ni mo bá. Kíráńkì máa ń tẹ̀ díẹ̀ nínú eré, mo máa fi fáìlì rẹ́ ibẹ̀. Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí mo tún rí nǹkan mìíràn: scraper ń gbá ọ́ìlì kúrò lára kíráńkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí tíréè fara mọ́ ọn débi pé ọ́ìlì tó gbá kò ráyè já bọ́. Ètò ti yí padà nìyẹn. Tíréè tuntun máa ní àlàfo mìlímítà 12 ní gbogbo gígùn ẹ̀gbẹ́ yẹn, ihò onípẹ́ á sì kù sí méjìlá.

Ọ̀la ni mo máa gé páànù. Ojú òkè ni ọfà wà báyìí, ìṣó ni mo sì fi họ ọ́. Lẹ́yìn náà, dáínò kan náà, rọ́bà kan náà, 7,200 fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Bí ọ́ìlì kò bá sọ̀ kọjá ibi tó sọ̀ dé ní 5,000, ọkọ̀ á padà sójú pápá.