Bàtà Tó Ń Gbé Àgbà Ṣubú
Ẹ wo ẹsẹ̀ àgbà tó wọ sálúbàtà tí kò di gìgísẹ̀ mú. Kó má baà bọ́, wọ́n á máa fi ọmọ ìka há a mọ́lẹ̀, wọ́n á máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Etí ẹní lásán á wá gbé wọn ṣubú. Bàtà tó ní ìdè lẹ́yìn ló dáa, kí àyè sẹ̀ǹtímítà 1 kù níwájú ìka tó gùn jù. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà wò lálaalẹ́: ìṣó lè gún un kó má mọ̀.