Náírà 450 tó kù

Bàtà iléèwé ni mo mú ọmọ mi lọ rà ní Yaba lónìí. 24,000 náírà ni, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ọn pé àwọn ti yọ 25%. Mo ti ṣírò ẹ̀ lọ́kàn: 18,000. Arábìnrin tó ń gbowó ní 19,800.

Ó ní VAT 7.5% ló wọ̀ ọ́. Òun yọ 7.5 kúrò nínú 25, ó ku 17.5, ìyẹn lòun fi dín 24,000 kù. Ká sọ òótọ́, ó bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo ti ń tú pọ́ọ̀sì.

Ni ọmọ JSS2 yìí bá fa bírò yọ. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, 18,000 lẹ máa gbé VAT lé, kì í ṣe 24,000.” Ó kọ 1,350 sórí páálí bàtà, ó rò ó pọ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ 19,350 bí ẹni wà nínú ìdánwò. Bàbá kan lẹ́yìn wa ti ń pòṣé.

Arábìnrin náà tẹ ẹ̀rọ ìṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n san 19,350.

Ọmọ ti gba 450 náà lọ́wọ́ mi o, ó lówó iṣẹ́ òun ni. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?